Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí àgádágodo láìlo kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àníkẹ́ Aránṣọ
Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Station Road. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi ń fo gọ́tà, ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú omi ẹlẹ́gbin. A fi igi tú ibẹ̀ títí, a ò rí i. Aṣọ ìyàwó kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n máa wá gbà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an. Mo ti fẹ́ ránṣẹ́ sí wẹ́dà pé kó wá gé irin, ni ará ṣọ́ọ̀bù kejì bá ní òun mọ bàbá kan tó ń gé kọ́kọ́rọ́.

Bàbá dé pẹ̀lú àpò awọ kan pẹlẹbẹ. Irin méjì péré ló yọ. Ó ki ọ̀kan bọ ìsàlẹ̀ ojú ihò kọ́kọ́rọ́, ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó wá ń fi èkejì wá nǹkan kiri nínú. Kò tilẹ̀ wo àgádágodo náà. Ojú títì ló ń wò, bí ẹni tó ń fetí sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní yàrá kejì. Kí n tó ka ogójì, ó ta kẹ́ú, ó ṣí. Kò họ rárá.

Látọjọ́ yẹn, ọkàn mi kò kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ṣiṣẹ́ jẹun, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó mi. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí ìka bàbá yẹn ń gbọ́. Ta ló ti kọ́ ọ nínú yín, bí ẹni ń kọ́ ayò, fún ìgbádùn ara rẹ̀? Kí ni mo máa rà? Kí ni mo máa kọ́kọ́ ṣe?

Ìyá Tósìn
Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Àníkẹ́, má bínú sí mi o, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lára mi ni mo fẹ́ sọ. Olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Kí ni ọmọlúàbí fẹ́ fi irú ìmọ̀ yìí ṣe? Lọ́jọ́ tí nǹkan bá sọnù ládùúgbò, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ nawọ́ sí?

Tún wo ti àgádágodo fúnra rẹ̀. Nílẹ̀ wa yìí, èèyàn kì í rí àgádágodo nílẹ̀ kó mú un. Gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn kan ń fi í ṣe. Tí ìyá ọkọ rẹ bá bá mẹ́fà tàbí méje lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ, tí òmíràn wà ní títì, tí òmíràn là sílẹ̀, àlàyé wo lo máa ṣe?

Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Ìyá Tósìn, ọ̀rọ̀ yín kò dùn mí. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń gé kọ́kọ́rọ́ nítòsí Ọjà Ọba, kò sí ọdún tí mi ò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Wọ́n ti pè mí lọ sí ilé tí olè ti jà lọ́pọ̀ ìgbà, kí n wá pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Mi ò tíì dé ilé kan rí tí olè ti fi sùúrù jókòó ti àgádágodo. Dígà ni wọ́n fi ń fa irin tí àgádágodo kọ́ sí ya, tàbí kí wọ́n fi kọ́tà gé ọrùn rẹ̀, tàbí kí wọ́n gba ojú fèrèsé. Olè kò ní àkókò ohun tí àbúrò wa fẹ́ kọ́ yìí.

Àníkẹ́, kó o tó ra irin kankan, mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ná. Nínú àgádágodo onídẹ tí gbogbo wa ń lò, nǹkan róbótó kan wà tó ń yí. Ara rẹ̀ ni ihò tí à ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ wà. Wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ láti ara àgádágodo wọnú róbótó yìí, mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀, márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú èyí tó dáa. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, píìnì méjì ló gun ara wọn, sípíríǹgì ń tì wọ́n. Píìnì kejì yẹn ló dábùú ààlà tó wà láàárín róbótó àti ara àgádágodo. Òun ni kò jẹ́ kó yí. Iṣẹ́ tí eyín kọ́kọ́rọ́ ń ṣe ni pé ó ń gbé píìnì kọ̀ọ̀kan dé ìwọ̀n tirẹ̀, títí ibi tí píìnì méjèèjì ti pàdé á fi bá ààlà yẹn dọ́gba. Tí gbogbo wọn bá dọ́gba pọ̀, ó yí.

Ká ní wọ́n lè lu àwọn ihò yẹn kó tọ́ gbọọrọ, kó má yẹ̀ bí irun orí, iṣẹ́ yìí ì bá nira ju báyìí lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tó ń lu ihò márùn-ún tí ọ̀kan kò ní yẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà wà. Tó o bá fi irin yí róbótó náà díẹ̀, kì í ṣe gbogbo píìnì ló máa há pọ̀. Ọ̀kan ló máa kọ́kọ́ há. Òun ni kó o wá. Àwọn yòókù á máa fò lórí sípíríǹgì wọn, ṣùgbọ́n èyí á le. Rọra gbé e. Tó bá dé ìwọ̀n rẹ̀, wàá gbọ́ ọ lára ìka bíi "tín", róbótó á sì yẹ̀ bíńtín. Píìnì yẹn ti dúró nìyẹn, òmíràn á wá há. Bẹ́ẹ̀ ni wàá ṣe mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọwọ́ tó ń yí ni gbogbo èèyàn ti ń kùnà. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tú nọ́ọ̀tì táyà, gbogbo píìnì á wá há pọ̀, ìka ò ní gbọ́ ohunkóhun mọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Aránṣọ ni ọ́, wàá mọ bí èèyàn ṣe ń fi ìka mú léèsì lábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣìn, tí kò fà á, tí kò sì jẹ́ kó yọ̀. Bó ṣe yẹ kí ọwọ́ rẹ tó ń yí rí nìyẹn.

Ní ti ohun tí Ìyá Tósìn sọ nípa abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òótọ́ ni wọ́n sọ. Má fi pamọ́. Gbé e sórí tábìlì níbi tí ará ilé ti ń rí ọ, kí wọ́n mọ ohun tó o ń ṣe.

Tíṣà Òkè Baálẹ̀
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí gan-an. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sì ti ń ṣe eré yìí láti bí ọdún mẹ́rin.

Ẹ̀rù tó ba Ìyá Tósìn yìí ti ba ìlú Lọ́ńdọ̀nù rí. Joseph Bramah ṣe àgádágodo kan jáde lọ́dún 1784. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kọ ọ́ sí i pé ẹni tó bá rí i ṣí á gba 200 gíní, owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí kò sẹ́ni tó gbowó náà. Lọ́dún 1851, tí wọ́n ń ṣe Àfihàn Ńlá níbẹ̀, tí oríṣiríṣi ilẹ̀ ń pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ará Amẹ́ríkà kan, Alfred Charles Hobbs, wọ̀lú. Ó kọ́kọ́ ṣí àgádágodo Chubb, èyí tí àwọn èèyàn gbà pé kò ṣeé ṣí, láàárín ìṣẹ́jú 25. Ó wá jókòó ti ti Bramah. Wákàtí 51 ló lò nídìí rẹ̀, ó pín in sí ọjọ́ 16, ó sì ṣí i. Ariwo sọ. Àwọn kan ní ó ti tú àṣírí fún olè. Àmọ́ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde ni pé àwọn tó ń ṣe àgádágodo kò rí ibi fi orí pamọ́ sí mọ́, wọ́n tún iṣẹ́ wọn ṣe.

Irú èyí tí Bàbá ṣàlàyé yẹn, Linus Yale tó jẹ́ bàbá ló ṣe é lọ́dún 1848. Ọmọ rẹ̀, Linus Yale kejì, ló wá sọ ọ́ di kékeré lọ́dún 1861, tó sì fi kọ́kọ́rọ́ pẹlẹbẹ tó wà lápò gbogbo wa lónìí sí i. Ọgbọ́n ìdí rẹ̀ kì í ṣe ti ìgbà wọn o. Àwọn ará Íjíbítì ti fi igi ṣe irú rẹ̀ láyé àtijọ́, àwọn Dogon ní Mali sì ń gbẹ́ ẹ sí ẹnu àká ọkà wọn, tí píìnì onígi ń jábọ́ sínú ihò tí kọ́kọ́rọ́ onígi fi ń gbé e. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, torí wọ́n rò pé gbogbo ọgbọ́n ẹ̀rọ ló bá ọkọ̀ ojú omi dé.

Àwọn tó ń ṣe é bí eré ti ní ẹgbẹ́. Ní Jámánì, wọ́n dá SSDeV sílẹ̀ ní Hamburg lọ́dún 1997. TOOOL náà wà, Netherlands ni ti wọn ti bẹ̀rẹ̀. Òfin méjì ni gbogbo wọn ń tẹ̀ mọ́ ọmọ tuntun létí: àgádágodo tí kì í bá ṣe tìrẹ, tí ẹni tó ni í kò sì fún ọ láyè, má fọwọ́ kàn án, èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lára ilẹ̀kùn, bó tilẹ̀ jẹ́ tìrẹ, má fọwọ́ kàn án. Ti ìkejì yẹn, àwọn èèyàn máa ń rò pé kò ṣe pàtàkì. Irin lè dá sínú rẹ̀, kí ó di pé ẹ̀yin fúnra yín ò lè wọ ilé yín lóru.

Lọ́yà Òròkí
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:18 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin kún un. Kí èèyàn jókòó sílé rẹ̀ kó máa ṣí àgádágodo tó fowó ara rẹ̀ rà, ìyẹn kọ́ ni òfin ń bá jà. Ibi tí ewu wà ni ojú ọ̀nà. Abala 417 nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, sọ pé ẹni tí wọ́n bá ká irinṣẹ́ ìfọ́lé mọ́ lọ́wọ́ lóru láìní ìdí tó bófin mu, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sì máa fi ẹ̀rí ìdí náà hàn. Tó bá jẹ́ ọ̀sán ni, wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó ní ọ̀ràn lọ́kàn.

Torí náà, Àǹtí Àníkẹ́, ẹ jẹ́ kí irin yín máa sùn nílé. Ẹ má kó o sínú báàgì lọ ìsọ́ òru, ẹ má gbé e sínú ọkọ̀ lọ́nà Gbọ̀ngán. Ọlọ́pàá tó bá tú báàgì yín kò mọ̀ yín rí, ohun tó bá lọ́wọ́ yín ló máa fi mọ̀ yín. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá, ẹ lọ lójúmọmọ, kí àgádágodo tí ẹ fẹ́ fi kọ́ṣẹ́ wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ṣẹ́gun Wẹ́dà
Ọjọ́rú, 1:02 ọ̀sán

Àǹtí, ẹ má tíì náwó sórí irin olówó ńlá. Bàbá mi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ léètì ní ilé iṣẹ́ Machine Tools wa níbí, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1980, ọwọ́ wọn ni mo ti mọ irin. Ohun tí ẹ nílò wà ní Old Garage. Ẹ bá àwọn tó ń pààrọ̀ wáípà mọ́tò, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èyí tó ti gbó. Irin tín-ín-rín pẹlẹbẹ méjì wà nínú rọ́bà rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ọ̀kan, ẹ fi píláyà tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀ bí ìka tó ká, ó ti di irin tí ẹ máa fi yí nìyẹn.

Èyí tí ẹ máa fi wá píìnì, bíléèdì ayùn irin ni kí ẹ lò. Ẹ fi gíríńdà fá eyín rẹ̀ kúrò, kí ẹ gbẹ́ orí rẹ̀ kó rí bí ẹnu ìwọ̀ ẹja, ṣùgbọ́n kó kúrú, kó má mú. Ohun tí bàbá mi máa ń pariwo rẹ̀ rèé: ẹ máa rì í bọ omi. Ẹ gbẹ́ ẹ díẹ̀, ẹ rì í. Ẹ gbẹ́ ẹ díẹ̀, ẹ rì í. Tó bá gbóná débi tí ojú rẹ̀ yí sí búlúù, líle rẹ̀ ti lọ, á kàn máa tẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ṣáńpépà tó kúnná ra á títí ara rẹ̀ á fi dán. Irin tó bá ń họ á máa parọ́ fún ìka.

Mo mọ̀ pé abẹ́rẹ́ máṣìn máa wù yín torí ó wà nílẹ̀. Ẹ má lò ó o. Ó le ju, kì í tẹ̀, ṣe ló máa ń ṣẹ́ sínú.

Wọ́n tún ń ta àgádágodo oníke tó mọ́ gaara lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ fi lè máa wo píìnì bó ṣe ń gòkè. Mo rò pé ó dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́
Ọjọ́rú, 7:45 alẹ́

Ṣẹ́gun, Ọlọ́run máa bá wa dá ọwọ́ rẹ sí. Ọ̀rọ̀ irin, bó o ṣe wí gẹ́lẹ́ ni. Ti oníke yẹn ni mi ò bá ọ fẹnu kò lé lórí. Wo ó lẹ́ẹ̀kan kó o fi mọ bó ṣe rí nínú, kó o gbé e tì. Ojú ni oníke ń kọ́, ìka la sì fẹ́ kọ́.

Àníkẹ́, ra àgádágodo onídẹ kan tí kò wọ́n, kó o mú un wá bá mi lọ́sàn-án. Màá tú u, màá yọ gbogbo píìnì, màá dá ẹyọ kan ṣoṣo padà. Wàá fi ìyẹn ṣeré fún ọjọ́ mẹ́ta. Màá fi ìkejì kún un, a ó máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó o mọ̀ nípa mi: bí mo bá dé ẹnu ilẹ̀kùn oníbàárà, mo máa ń rí onílé tàbí aládùúgbò kí n tó yọ irin. Ẹni tó bá sì gbé àmì kọ́kọ́rọ́ lára ọṣẹ wá, mi ò ní gé e, iye yòówù kó kà sílẹ̀. Ẹni tó bá máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, kódà bó jẹ́ eré ló fẹ́ fi ṣe, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni kó ní.

Ìyá Tósìn
Ọjọ́rú, 8:20 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ọkàn mi kò tíì balẹ̀ tán, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí ẹ wí. Bàbá, ẹ wá dá mi lóhùn o: àgádágodo ńlá kan ló wà lẹ́nu ilé ìtajà mi ní Alẹ́kúwodò, owó gọbọi ni mo fi rà á. Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé mo kàn ń tan ara mi ni?

Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́
Ọjọ́rú, 8:51 alẹ́

Rárá o, ìyá wa. Àgádágodo dáa. Ibi tó kọ́ sí ni kí ẹ lọ wò lọ́la. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ìṣó kékeré mẹ́rin ni gbẹ́nàgbẹ́nà fi kan irin yẹn mọ́ pákó, tí orí wọn sì wà níta. Ẹni tó bá ní dígà kò ní wo ojú àgádágodo yín rárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ìṣó yẹn, kí wọ́n fi bóòtì tó gba ara pákó kọjá sí i, kí nọ́ọ̀tì wà nínú. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ẹ má sì da epo ẹ́ńjìnnì sójú ihò kọ́kọ́rọ́ mọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku á dì mọ́ epo yẹn, á dà bí ẹrẹ̀. Lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fá kó kúnná, kí ẹ fi ra kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tì í bọ̀ ọ́, kí ẹ fà á yọ bí ìgbà mẹ́wàá.

Àníkẹ́ Aránṣọ
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọjọ́ Àìkú, 10:33 alẹ́

Ẹ gbà mí o! Mo ti ṣí i! Olópíìnì mẹ́rin!

Mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá bí wọ́n ṣe wí. Olópíìnì kan kò pẹ́ rárá. Olópíìnì méjì gbà mí ní alẹ́ méjì. Nígbà tó di mẹ́ta, ọwọ́ mi kú. Gbogbo alẹ́ ni mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń lágùn, ìka òsì mi wú. Mo fẹ́ rí ohun tó wà nínú ihò yẹn ṣáá, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wò ó.

Lónìí ni wọ́n mú iná lọ, fóònù mi sì ti kú. Mo jókòó sínú òkùnkùn, mo kàn ní kí n máa fi ṣeré. Mo di irin tó ń yí mú wẹ́rẹ́, bí mo ṣe ń di léèsì mú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀kẹta ló kọ́kọ́ le. Mo gbé e, "tín". Mo padà sí àkọ́kọ́, ó ti le, kò sì le tẹ́lẹ̀. "Tín". Lẹ́yìn náà ẹ̀kẹrin. Ẹ̀kejì ló kẹ́yìn, bí mo sì ṣe kàn án ni irin ọwọ́ òsì mi kàn rọra wọlẹ̀, kẹ́ú, ọrùn àgádágodo fò sókè. Mo pariwo, ọmọ jí. Ìyá ọkọ mi jáde, wọ́n ní kí n tún un ṣe lójú àwọn. Ó gba ìdajì wákàtí, wọ́n dúró tì mí.

Ìbéèrè mi rèé. Bàbá fún mi ní òmíràn, onídẹ tó wúwo. Ti ìyẹn, ó máa ń yí ju ti ìṣáájú lọ, bí ẹni pé ó fẹ́ ṣí, á wá dúró gbagidi. Gbogbo píìnì ti dákẹ́. Kò ṣí, kò sì padà. Kí ni mo ń ṣe tí kò dáa?

Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́
Ọjọ́ Ajé, 6:10 àárọ̀

Kò sóhun tó ò ṣe dáadáa. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fún ọ ni. Nínú ìyẹn, wọ́n gbẹ́ àárín àwọn píìnì kan tín-ín-rín, òkè àti ìsàlẹ̀ wọn fẹ̀, bí igi tí wọ́n ń ká òwú máṣìn mọ́. Ààlà yẹn ló kó sí ibi tó tín-ín-rín, ìdí nìyẹn tó fi yí díẹ̀ tó sì há. Ó ń tàn ọ́ ni.

Má tú u sílẹ̀. Fi irin tó ń wá píìnì tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó o bá kan èyí tó ń tàn ọ́, wàá gbọ́ pé róbótó ń fẹ́ padà sẹ́yìn lábẹ́ ìka òsì rẹ. Gbà fún un. Dẹ ọwọ́ díẹ̀, jẹ́ kó padà, máa gbé píìnì náà lọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti máa ń ba èèyàn, wọ́n á tún ọwọ́ le, á tún há.

Àníkẹ́ Aránṣọ
Ọjọ́bọ̀, 11:02 alẹ́

Ó padà sẹ́yìn bí ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́, Bàbá. Bí ẹni pé nǹkan mí sínú ọwọ́ mi. Mo dẹ ọwọ́, ẹyọ kan dúró. Mo dẹ̀ ẹ́ jù lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo wọn jábọ́. Mi ò tíì ṣí i.

Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́
Ọjọ́ Ẹtì, 5:58 àárọ̀

Sinmi ìka yẹn títí di ọ̀la. Mú un wá ní aago méjì ọ̀sán, màá bá ọ yọ píìnì mẹ́ta nínú rẹ̀, kó o kọ́kọ́ mọ ìwà ẹyọ kan.